Ìjọba a Máa Yí, Ọnà a Máa Lọ

Nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì wó ní ilẹ̀ Poland ní 1989, àwọn oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n dàgbà lábẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn jọ bá ayé tuntun pàdé. Irú rẹ̀ ti bá wa rí. Aréògún ará Òsì, tí ó kú ní 1954, gbẹ́gi fún ojúbọ òrìṣà. Bándélé, ọmọ rẹ̀, gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll. Làmídì Fákẹ́yẹ (1928–2009), tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ó sì wá ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀. Ẹni tí ń bẹ iṣẹ́ yí padà, Òyìnbó sì gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1960, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò ṣaláìní ọmọṣẹ́. Ohun tí ó gbé ọnà ró nìyí.

UNESCO kéde iyì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ṣùgbọ́n ìkéde kì í kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ọ̀tà gbajúmọ̀ fún ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ilé-iṣẹ́ ńláńlá Sángo sì ń fi owó oṣù pe àwọn ọ̀dọ́. N kò bá wọn wí, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a kò bá wá bí ọmọṣẹ́ agbẹ́gilére yóò ti máa jẹun, ère yóò kù nílé, agbẹ́gilére yóò sì tán.