Ọmọ Tó Mú Gìtá Dání: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwo Tuntun Keziah Jones

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Ìpára Rẹ́mọ)

    Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró kí ìrẹsì má baà tutù. N ó gbìyànjú.

Nígbà tí a bá pàdé báyìí, dókítà wa a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, lọ́yà wa a sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìhágún. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí wa ti tó o. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ gìtá ni mo gbé wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kí n tó jókòó, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé-ìwé wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọdún 2025, ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá gbé àwo orin tuntun jáde. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Olúfẹ́mi Sányàolú, ṣùgbọ́n Keziah Jones ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Àkọlé àwo náà ni Alive & Kicking, èyí tí àwa lè pè ní “Mo ṣì wà láàyè, ara mi sì le koko.” Orúkọ náà yẹ ẹ́, torí pé ọdún 2013 ló ti gbé èyí tó ṣáájú rẹ̀, Captain Rugged, jáde. Ọdún 12 gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún Captain Rugged ti wọ ilé-ìwé girama kí èyí tó dé.

Bóyá ẹlòmíì nínú yín ń bi ara ẹ̀ pé, ta lẹni yẹn? N ò bá yín jà. Àwọn ará Faransé mọ̀ ọ́n ju àwa tí a bí i lọ. Orin kan tó ń jẹ́ Rhythm Is Love, nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Blufunk Is a Fact!, ti 1992, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1968. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olóyè, ó sì jẹ́ oníléeṣẹ́ pàtàkì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ìdí tí a fi ń rán ọmọ lọ sókè òkun. Kò sẹ́ni tó ń ta ilẹ̀ torí kí ọmọ lè lọ máa ta gìtá lójú títì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe gan-an nìyẹn! Dùùrù ló kọ́kọ́ tẹ̀, kó tó mú gìtá. Ó ta á lójú títì London, ó ta á níbùdó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Paris, àwọn èrò ọ̀nà ń sọ owó sílẹ̀ fún un. Ibi tó ti ń ta á kiri bẹ́ẹ̀ lẹni tó mọ orin ti gbọ́ ọ, tó sì bá a wá ọ̀nà àtiṣe àwo.

Ẹ̀yin oníbíbélì, ẹ ó rántí pé Késíà ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí Jóòbù bí lẹ́yìn ìyà rẹ̀. Ọkùnrin wá ń jẹ́ orúkọ obìnrin! Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá ti tẹ̀lé ìyà, mo rò pé ó bá ẹni tó jẹun lójú títì mu.

Nísinsìnyí, kí ló wà nínú orin náà? Blufunk ló pè é. Ó mú orin búlúùsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ó pò ó mọ́ fọ́ńkì, ó wá fi agbára rọ́ọ̀kì tì í lẹ́yìn. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó bá ń ta á. Kì í fa okùn nìkan, ńṣe ló ń gbá a, tó ń lù ú, tí gìtá kan ṣoṣo á wá máa dún bíi gìtá àti ìlù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa náà mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti fi iná sí gìtá nínú orin jùjú, gìtá wa ti ń bá dùndún fèsì. King Sunny Adé to gìtá púpọ̀ jọ, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà ìdílé, Adémọ́lá Adépọ̀jù sì wà nídìí gìtá onírin. Keziah Jones wá kó gbogbo ìjíròrò ìdílé yẹn sínú ọwọ́ ẹnì kan. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Kò sì gbàgbé ilé. Ní 2003, ó ṣe Black Orpheus, orúkọ tí ìwé àtìgbàdégbà tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957 náà ń jẹ́. Ní 2008, ó ṣe Nigerian Wood, ó fi ń bá àwọn Beatles àti orin wọn Norwegian Wood ṣeré.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé òun ló kọ́kọ́ dá a. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú ní 1970 sí 1979, ẹ rántí BLO. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ l'Ékòó: Berkley Jones nídìí gìtá, Láolú Akíntọ́bí nídìí ìlù, Gbénga Odùmósù nídìí gìtá báàsì. Ẹ kó lẹ́tà àkọ́kọ́ Berkley, Láolú àti Odùmósù jọ, ẹ ti rí orúkọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College l'Ékòó, tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege, gbé Try and Love jáde lábẹ́ EMI. Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n o! Kí àwọn míì tó jókòó ṣèdánwò àṣekágbá, àwo wọn ti ń dún ní ilé ayẹyẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Gbogbo wa la ní ẹlẹgbẹ́ kan ní kíláàsì tó ń lu tábìlì bí olùkọ́ bá jáde. Gbogbo wa la mọ ẹni tó fi agolo mílíìkì àti okùn ìpẹja ṣe gìtá. Kí la pè é? Alágbe. Ọmọ tí ò fẹ́ kàwé. Níbo ló wà lónìí? Mélòó nínú wọn ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí?

Ìbẹ̀rù wa kì í ṣe lásán, mo gbà. Ẹnìkan á dìde pé, “Bùrọ̀dá, Keziah Jones kan, ọgọ́rùn-ún ọmọ tó mú gìtá tí ò rí jẹ.” Òótọ́ ni. N ò sọ pé kí ọmọ pa ìwé tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Láolú tí mo dárúkọ. Ó kúrò nídìí ìlù, ó di ẹni tó ń ṣètò àwo fáwọn ẹlòmíì. Láolú Akins tí ẹ rí lára àwo Ace tí Ṣínà Peters ṣe ní 1989, òun náà ni. Iṣẹ́ orin kì í ṣe orí ìtàgé nìkan. Ẹni tó ń tún ohùn ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún gìtá ṣe, ẹni tó ń kọ́ni, ẹni tó ń kọ orin sílẹ̀. Ẹ sì rántí Fẹlá. Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé girama Abẹ́òkúta ni, ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n torí ẹ̀ rán an lọ London ní 1958, ilé-ẹ̀kọ́ orin ló wọ̀. Bó bá ṣe dókítà ni, bóyá ì bá wo aláìsàn díẹ̀ sàn. Ẹ sọ fún mi, ta lá bá máa dárúkọ rẹ̀ ní Japan lónìí?

Ọ̀kan ṣì kù tó jẹ́ ti àwa àgbà. Fàtàí Rolling Dollar ti ń ta gìtá ṣáájú òmìnira. Ebenezer Obey bá a ṣiṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Nígbà tó yá, ayé gbàgbé bàbá náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó padà wá pẹ̀lú Wọ́n Kéré sí Nọ́ńbà, àwọn ọmọ-ọmọ wa sì ń jó sí i. Ní oṣù kẹfà 2013 ló kú, lẹ́ni ọdún 85, pẹ̀lú gìtá rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí a kọ́ lọ́mọdé kì í gbó? Ẹni tó bá pa á tì lè padà sídìí ẹ̀. Ẹni tí a ò fún láǹfààní àtikọ́ ọ rárá ni kò ní ibi tó máa padà sí.

Nítorí náà, Alága, ohun mẹ́ta ni mo dá lábàá. Èkíní, nínú owó tí a fẹ́ fi kọ́ géètì kejì, ẹ jẹ́ ká yọ tí gìtá mẹ́fà àti dùùrù kan kúrò níbẹ̀. Géètì àkọ́kọ́ ò tíì bàjẹ́. Èkejì, ká wá olùkọ́ orin kan tí yóò máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ká máa fún un lówó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́, ká má sọ pé kó wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé orin ni. Ẹ̀kẹta kò gba owó rárá: ọmọ tó bá mú gìtá dání, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má pè é ní alágbe mọ́.

Àwo Keziah Jones wà lọ́wọ́ mi níbí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bó bá lè jù fún etí yín, ẹ sọ, a ó rọ̀ ọ́ wálẹ̀.

 Ọlọ́run á jẹ́ ká tún pàdé ní àmọ́dún, láàyè, pẹ̀lú ara líle.