Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

(Ọ̀rọ̀ tí katikísì páríìṣì bá àwọn onígbàgbọ́ sọ ní ìgbà Júbílì)

Àrùn ọpọlọ ni wọ́n ní kí á sọ̀rọ̀ lé lórí. Inú yàrá ni a máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Ìfànyìn.

Gbogbo èrò ni ó rí i pé afọ́jú ni Bátíméù. Síbẹ̀, Olúwa wa bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí Òun ṣe fún un, Ó sì dúró gbọ́ èsì. Ta ni nínú wa tí í bi alárùn ọpọlọ bẹ́ẹ̀?

Àwa kò bi í. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tí àrùn yìí ti kọlù rí, tí ara rẹ̀ sì yá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pe ìyá rẹ̀ àti àwa jókòó. Ó ní bí ó bá tún dé, kí á má ṣe de òun lókùn, kí á má gbé òun lọ sí ilé àdúrà tí wọ́n ti ń fi ebi pa aláìsàn. Kí á pe ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, kí á sì mú òun lọ bá nọ́ọ̀sì tí ó mọ oògùn òun. A ní a ti gbọ́. Ní àkókò òjò ọdún kejì, ó tún dé. Ó pariwo mọ́jú. Ẹ̀rù bà wá, a sì wí pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú kò lè mọ ohun tí ó dára fún un. Okùn náà ni a fi dè é. Àpá rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ títí di òní. A ń rí i nígbàkígbà tí ó bá na ọwọ́ gba Ara Krístì.

Ọmọ ilẹ̀ Benin ni Grégoire Ahongbonon. Kì í ṣe dókítà; táyà ọkọ̀ ni ó ń tún ṣe ní Côte d'Ivoire. Ní Bouaké ni ó ti dá Ẹgbẹ́ Mímọ́ Kamílù sílẹ̀ ní 1991, ó sì ń tú àwọn aláìsàn tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀ láti abúlé dé abúlé. Ẹgbẹ́ náà ní ibùdó ní Avrankou, tí kò jìnnà sí wa. Èyí tí ó wú wa lórí jù ni pé àwọn tí ara wọn ti yá wà lára àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lódìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023 fún aláìsàn ní ohùn nínú ìtọ́jú ara rẹ̀.

Ẹnìkan yóò bi wá pé: bí ó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ ńkọ́? A kò ní kí ẹ máa wò ó níran. Ẹ gba ẹ̀mí là ná. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ bi í nígbà tí ara rẹ̀ dá: ta ni kí ó dì í mú? Oògùn wo ni ó ti pa á lára rí? Ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ?

Ọmọbìnrin wa ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ní Yorùbá àti ní Faransé, nítorí nọ́ọ̀sì. Ó ní kí á kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó fọwọ́ sí i. Inú àpótí tí ìyá rẹ̀ ń kó ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ sí ni ó wà.