Ojú Kámẹ́rà Kì Í Ṣe Ojú Àgbà



Ẹ̀kọ́ ilé ni pé ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni ọmọ tí a tọ́ dáradára yóò máa wò. Ìwà rere ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ó ti lè pa ènìyàn lára: iwájú kámẹ́rà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dìbò yan gómìnà, ẹ̀rọ BVAS ni àjọ INEC fi dá olùdìbò mọ̀. Ìka tàbí ojú ni ẹ̀rọ náà ń yẹ̀ wò. Ọkọ́ àti iṣẹ́ líle lè ti pa ìlà ìka àgbẹ̀ rẹ́. Ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò yà, kí ẹ̀rọ lè fi í wé àwòrán ìgbà tí ó forúkọ sílẹ̀. Bí ìka bá kọ̀, tí ojú náà sì kọ̀, kò sí ìbò fún un.

Ẹ̀rọ kò mọ ènìyàn bí aládùúgbò ti í mọ̀ ọ́n. Ó ní láti kọ́kọ́ rí ẹyinjú méjèèjì, imú àti ẹnu ní ipò wọn. Ẹni tí ó bá wolẹ̀, ìpéǹpéjú yóò bo ẹyinjú rẹ̀. Orí a sì máa tẹ̀ lé ojú, tó bẹ́ẹ̀ tí iwájú orí yóò fi gba gbogbo àwòrán.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi fóònù ya ara wọn, tí wọ́n ń pè é ní sẹ́lfí, ní àṣìṣe tiwọn. Àwòrán ara wọn lójú fóònù ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ ni ihò kékeré tí ó wà lókè ni kámẹ́rà gan-an. Ìdí nìyí tí ojú wọn fi ń rọ̀ sísàlẹ̀ nínú fọ́tò. Láti ọdún 2017 ni irú fóònù kan, iPhone X, ti ń wò ó bóyá olówó rẹ̀ kọjú sí i kí ó tó ṣí, kí olè má baà fi ojú ẹni tí ó sùn ṣí i.

Wíwo kámẹ́rà tààrà kì í ṣe àṣà àjèjì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1978 nípa àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé nínú fọ́tò iyì, àgbà a máa wọ aṣọ ńlá, a jókòó, a sì kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lára ògiri pálọ̀ ní Ìwó.

Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ pàápàá ní ẹ̀bi. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta wò, tí ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èyí tí ó burú jù ṣì obìnrin aláwọ̀ dúdú mú ní nǹkan bí 35 nínú 100. Ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò pé 1.

Nítorí náà, ẹni tí ń lọ gba nọ́ńbà NIN tàbí káàdì ìdìbò, kí ó yọ awò dúdú, kí ó ti fìlà tàbí gèlè kúrò níwájú orí, kí ó sì béèrè ibi tí ihò kámẹ́rà wà. Bí àwòrán kò bá dára, kí ó ní kí wọ́n tún un yà kí ó tó kúrò níbẹ̀.