Páìpù Bíréèkì Jíìpù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Lithonia

Akọ̀wé ní kí n má ṣe pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ nítorí pé oúnjẹ ti délẹ̀. Èmi náà ti gbóòórùn ẹran, n kò ní í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíìpù àtijọ́ ni mo bá wá. Bí a bá ka ilé mẹ́ta láàárín wa, a ó rí 4Runner, Pathfinder tàbí Land Cruiser tó ti lé ní 20 ọdún nínú ọgbà ọ̀kan. Àwọn kan ń fi í gun òkè ní àríwá Georgia, àwọn kan ń tún un ṣe kí wọ́n tó wà á lọ sí Brunswick tàbí Savannah, kí ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá nílé. Ọ̀dà, táyà ńláńlá àti rédíò la máa ń náwó lé. Ta ni nínú wa tó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láti wo páìpù bíréèkì?

Èmi náà kò wò ó títí ojú mi fi rí màbo. 4Runner tí mo rà ti lo 10 ọdún ní Ohio, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òjò dídì. Ara rẹ̀ ń dán. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa ń bọ̀ láti ìsìn. Mo yà kúrò lójú ọ̀nà I-20 ní Panola Road, iná pupa wà níwájú. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Mo tún un tẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ó sì dúró nígbà tó ku díẹ̀ ká wọ abẹ́ tírélà. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé páìpù tó lọ sẹ́yìn ti bẹ́ lókè táǹkì epo, níbi tí iyanrìn àti iyọ̀ kó sí, tí ojú kì í tó.

Ohun tó kó wa yọ ni pé bíréèkì náà pín sí ọ̀nà méjì. Bí ọ̀kan bẹ́, èkejì á ṣì mú díẹ̀. Láti ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi èyí lélẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, jíìpù náà sì tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ Land Rover àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gùn nílé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí ó bá bẹ́, ó di ọwọ́ Ọlọ́run àti bíréèkì ọwọ́.

Ẹ má sì rò pé ìjọba á bá yín wò ó. Emission tí a ń ṣe ní DeKalb, èéfín ló ń yẹ̀ wò. Lọ́dún 2015, NHTSA parí ìwádìí kan lórí páìpù bíréèkì tó ń dógùn-ún. Wọn kò ní kí ilé-iṣẹ́ kankan gba ọkọ̀ padà. Wọ́n ní kí ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ máa fọ abẹ́ rẹ̀, kó sì máa yẹ páìpù wò.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n fi bàbà àti nickel pò. Kì í dógùn-ún, ó sì rọ̀ láti tẹ̀. Volvo ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1970. Bàbà lásán kọ́ o, èyíinì máa ń sán. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ ṣẹ́po lẹ́ẹ̀méjì kó tó wọ nọ́ọ̀tì. Ẹ má fi ohun tí àwọn tó ń ṣe páìpù omi fi ń so páìpù pọ̀ so bíréèkì láéláé. Kò lè gba agbára yẹn. Ẹ da epo sí nọ́ọ̀tì àtijọ́ lálẹ́ àná, kí ẹ sì lo sípánà tó gbá nọ́ọ̀tì mọ́ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ á yípo dànù.

Rọ́bà tó so páìpù mọ́ táyà ńkọ́? Inú ló ti ń bàjẹ́. Ó lè wú débi pé ọ́ìlì kò ní lè padà, táyà á máa wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun. Ó dára, ẹsẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ kò sọ bíréèkì àtijọ́ di tuntun. Ẹ rí i pé a kọ DOT sí i lára. Bí ẹ bá sì ti gbé jíìpù sókè, ẹ ra èyí tó gùn, torí nígbà tí táyà bá sọ̀ sínú kòtò, rọ́bà kúkúrú á fà títí á fi já.

Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì tuntun, DOT 3 tàbí DOT 4 bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe wí. DOT 5 kì í bá wọn pò. Ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde pátá. Ìtẹ̀ bíréèkì tó bá ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi jíìpù ránṣẹ́ sílé: mo ti rí i níbi tí mẹkáníìkì ti dí páìpù táyà kan pa, kí ọkọ̀ lè máa fi mẹ́ta tó kù dúró, nítorí kò rí páìpù tuntun rà. Owó ọkọ̀ bàbá ni wọ́n fẹ́ bá wọn dín kù. Nítorí náà, ẹ ká páìpù bàbà-òun-nickel kan, ẹsẹ̀ bàtà 25, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀, sínú bùútù kí ọkọ̀ tó wọ Brunswick.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, jáàkì àti iná á wà nínú ọgbà mi. Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá, ká jọ wo abẹ́ rẹ̀. N kò ní gba kọ́bọ̀. Ta ló ní ìbéèrè kí oúnjẹ tó tutù?