Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká bá ń Gbóná, tí Kò sì Gba Iná Mọ́

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù, ni mo gbé wá fún yín lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí lọ́kàn wọn pé kí ni ó kan àwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ti ń ṣọ̀wọ́n. Bí bàbá kò bá ní in, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní yunifásítì ní in; bí ọmọ kò bá sì tíì ní in, òun náà ni ìyá rẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ dá àjọ.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tí a ń rà lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sí, inú rẹ̀ ni oníṣòwò kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó sí. Nígbà tí ó bá kú lójijì, àyà olúwa rẹ̀ a já, ẹni tí àyà rẹ̀ bá sì ti já, ohunkóhun tí a bá wí fún un ni yóò gbà. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé, "Bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó," yóò lọ yá owó, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà tí ó já lọ́rùn ṣájà ni gbogbo ẹjọ́ náà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ mọ bí a ṣe ń wo ìta ẹ̀rọ yìí kí a tó gbà fún ẹnikẹ́ni láti tú inú rẹ̀. Àìsàn méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lára rẹ̀: ó ń gbóná jù, tàbí kò gba iná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọwọ́ wa lè tó láìlo síkúrúdíráfà ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti gbígbóná ṣáájú. Iná tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá lò, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Ọpọlọ náà kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n ooru ara rẹ̀ lè tó ti gílóòbù àtijọ́, irú èyí tí a kì í fi ọwọ́ lásán yọ. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fi ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ lé e lórí láti gbé ooru yìí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Níbẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tò sí bí eyín òòyà, tí fáànù kékeré kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn kọjá. Atẹ́gùn tútù ń gba ihò abẹ́ wọlé, èyí tí ó gbóná ń gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn jáde. Àwọn ihò abẹ́ wọ̀nyí ni imú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wá gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, tàbí orí ìrọ̀rí, tàbí orí aṣọ ìbora, imú ni ó fi ọwọ́ dí fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti máa lò ó, lóru, nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀fọn! Kí wọ́n wá pákó pẹlẹbẹ kan, tàbí tíréè, kí wọ́n gbé e lé e. Bí wọ́n bá fi ìwé kékeré méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, á tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí ni ó kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí a má lò ó níbi tí ooru rẹ̀ bá ju ìwọ̀n 35 Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ń dé ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ká tó wá sọ pé a tún fi fóòmù gbá a mọ́ra.

Ọ̀tá kejì ni eruku. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Fáànù kọ̀ǹpútà a fà á wọlé. Eruku náà á dàpọ̀ mọ́ irun kápẹ́ẹ̀tì àti òwú aṣọ, yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹnu àwọn irin tí mo fi wé eyín òòyà. Mo ti rí èyí tí a tú, tí ohun tí a bá níbẹ̀ nípọn tó ẹ̀wù òtútù.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ooru ni? Fáànù yóò kọ́kọ́ máa pariwo. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀, nítorí pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti mọ̀ pé ara òun ń gbóná, ó sì ń dẹ ìrìn rẹ̀. Bí ooru náà bá sún mọ́ ìwọ̀n 100 Celsius, tí í ṣe ooru omi tí ń hó, ẹ̀rọ náà yóò pa ara rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó ń gbà là nígbà náà, kò tíì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pe èyí ní fáírọ́ọ̀sì, tí wọ́n sanwó kí a pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí a sì tún Windows fi sí i, tí ó sì tún padà kú lọ́jọ́ kejì nítorí pé eruku ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ fi èyí dá méjèèjì mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n tí iṣẹ́ ti wúwo ni ó ń kú, tí ó sì tún ń jí bí ó bá ti sinmi tí ara rẹ̀ tutù, ooru ni ẹ wá. Bí ó bá jẹ́ pé bí okùn ṣájà bá ti mì ni ó ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ara rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù, ọ̀rọ̀ iná ni.

Láti gbọn eruku rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kí ó má kàn sùn lásán, kí ẹ sì yọ ṣájà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ẹnu ihò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi atẹ́gùn inú agolo tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí fẹ́ ẹ. Kí ẹ fi igi ìtayín di fáànù mú kí ó má bàa yí àyíjù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ẹ má sì gbé e lé orí omi inú ọ̀rá tí ó ti dì, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ẹ wo bí ara ìgò ọtí tútù ti í làágùn lórí tábìlì: bẹ́ẹ̀ ni inú ẹ̀rọ náà yóò ṣe làágùn, omi àti bọ́ọ̀dù kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a gbọn eruku tí kò yẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìpara tí ó wà láàárín ọpọlọ àti ọ̀pá bàbà ni ó ti gbẹ. Iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí kì í tan ènìyàn: kí a tẹ̀ lé iná láti ara ògiri dé inú ẹ̀rọ, bí ẹni tí ń tọ odò lọ, kí a má fo ibì kankan. Ẹ kọ́kọ́ ti fìtílà tàbí ṣájà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ṣé ó gbà? Ẹ yọ ẹ́kísítẹ́ńsọ̀n kúrò láàárín, kí ẹ ti ṣájà bọ ara ògiri tààrà. Ẹ wo àpótí dúdú tí ó wà láàárín okùn ṣájà. Iná ara ògiri wa jẹ́ 230 fóòtì, ẹ̀rọ yìí kò sì fẹ́ ju nǹkan bí 19 tàbí 20 lọ; àpótí yìí ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ di díẹ̀. Bí ó bá ní iná kékeré lára tí kò sì tàn, ẹ fa okùn tí ó ti ògiri wá yọ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi òmíràn sí i. Okùn yẹn kò wọ́n, òun ni ó sì máa ń kú jù.

Bí iná àpótí bá tàn, tí ó sì kú nígbà tí ẹ bá ti ẹnu ṣájà bọ ara ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti kan ara wọn níbì kan. Ẹ fi ọwọ́ tọ okùn náà lọ́rùn, níbi tí ó ti jáde lára àpótí àti níbi tí ó ti wọ ẹnu. Ibẹ̀ ni wíwé okùn mọ́ àpótí gírígírí ti ń pa á. Àwọn ṣájà mìíràn ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ẹnu wọn, tí ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tí ó jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ yìí bá wọ́ tàbí tí wáyà rẹ̀ já, ẹ̀rọ yóò tàn, ṣùgbọ́n yóò kọ̀, kò ní í ṣájì. Kí ẹ sì tó sọ pé ó kọ̀, ẹ wò ó bóyá ibi 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti dúró, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ni a lè pàṣẹ fún pé kí ó dúró níbẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́.

Ohun kan tún wà tí kì í náni ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ó ṣeé yọ, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wá fi ṣájà nìkan tan án. Bí ó bá tàn láìsí bátìrì, tí kò sì tàn nígbà tí bátìrì wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ọ̀daràn.

Bí ó bá di pé ẹ fẹ́ ra ṣájà mìíràn, ẹ ka ohun tí a kọ sí ara ti àtijọ́. Ẹ lè rí 19.5 fóòtì àti 3.34 ámpù. Bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, yóò fún wa ní 65 wáàtì. Fóòtì tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ámpù lè jù ú lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ṣájà 45 wáàtì lára ẹ̀rọ 65 yóò máa gbóná bí ẹni tí a di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lé lórí. Ti àwọn ẹ̀rọ tí ń lo ẹnu pẹlẹbẹ kékeré bíi ti fóònù, USB-C, yàtọ̀ díẹ̀. Ṣájà àti ẹ̀rọ a kọ́kọ́ bá ara wọn sọ iye fóòtì tí wọn yóò lò, nítorí náà ewu rẹ̀ dín, ṣùgbọ́n ṣájà fóònù kékeré kò lè gbé e.

Nípa Nẹ́pà ńkọ́? (Orúkọ yìí ti kúrò nínú ìwé ìjọba láti ọdún 2005, a sì ti ta àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní 2013, ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ ohun tí àwọn ọmọdé ń pariwo bí iná bá dé.) Bí iná bá lọ, ẹ yọ ṣájà. Bí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó rẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́, nítorí ìgbà tí ó ń dé ni ó máa ń fò sókè. Bákan náà ni nígbà tí a bá ń tan jẹnẹrétọ̀ tàbí tí a ń pa á. Kò sì yẹ kí áyọ́ọ̀nù àti kọ̀ǹpútà wà lórí ẹ́kísítẹ́ńsọ̀n kan náà.

Ẹnu tí ó ti dẹ̀ lára ẹ̀rọ ni ibi tí àìsàn méjèèjì ti pàdé. A ó rí ẹni tí ó fi òkúta ti ṣájà, tí ó fi rọ́bà dì í, kí iná má bàa já. Níbi tí iná bá ti ń kàn tí ó sì ń já, ooru ń bẹ níbẹ̀, ó sì lè yọ́ rọ́bà inú. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ohun tí ń jó, tàbí tí ẹnu ṣájà gbóná ju kí a fi ọwọ́ dì í mú lọ, kí ẹ yọ ọ́ kíá. Kí ẹ gbé e fún ẹni tí yóò fi òjé tún un jó tàbí tí yóò pààrọ̀ ẹnu náà.

Àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ wọ́n pọ̀, ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní ìlú gbogbo, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ da ohun inú ẹ̀rọ yín kọ sí ibòmíràn kí ẹ tó gbé e lọ, bí ó bá ṣì ń tàn. Bí wọ́n bá sọ pé bọ́ọ̀dù ti jó, ẹ bèèrè pé fóòtì mélòó ni ó ń jáde lẹ́nu ṣájà, mélòó ni ó sì ń dé orí bọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó bá ní mítà lọ́wọ́ yóò fi hàn yín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá ní mítà, kí ni ó fi mọ̀?

Ó ku bátìrì, òun ni kò sì ṣeé fi ṣeré. Láti ọdún 1991 ni Sony ti kọ́kọ́ gbé bátìrì litíọ́ọ̀mù irú èyí sọ́jà, ooru sì ni ó ń sọ ọ́ di arúgbó kíákíá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Dell pe bátìrì tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin padà, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ti gbaná. Bí ẹ bá rí i pé ibi tí a ń fi ìka rà lójú ẹ̀rọ ti ń wú sókè, tàbí pé ẹ̀rọ náà ń mì lórí tábìlì tí ó tẹ́jú, bátìrì ni ó wú. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ má sì tún ṣájì rẹ̀ mọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má jù ú sí ààtàn tí a ń dáná sun. Oníṣẹ́ ni kí ó yọ ọ́. Títí dìgbà náà, ìta ni kí ó sùn, lórí yanrìn, níbi tí oòrùn àti òjò kò ti ní í bá a. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín nínú ilé, ẹ má ṣe gbé e, ẹ má sì fa èéfín náà símú. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde ná.