Bí Ìrókò Ṣe Lè Padà Sínú Igbó

Ẹ̀yin ará Tchaada, àti gbogbo Ifangni, ìrókò ń dín kù nínú igbó wa. Ayùn àwọn agégẹdú kò sinmi, oko sì ti jẹ wọnú igbó.

Akọ ìrókò wà, abo wà, abo nìkan ló sì ń so. Ẹni tó bá gé abo kan ṣoṣo tó kù ládùúgbò ti gé gbogbo ọmọ tí ì bá bí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣa èso tó já bọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lójú asẹ́, ẹ sá hóró rẹ̀ síbi òjìji, kí ẹ sì tètè gbìn ín. Hóró náà kéré gan-an, nítorí náà ẹ má rì í jinlẹ̀.

Ìṣòro tó le jù ni kòkòrò kékeré tí wọ́n ń pè ní Phytolyma. Bó bá wọ ewé tútù, ewé á wú, á jẹrà, ọ̀mùnú igi á sì kú. Ìrókò tí a gbìn jọ sójú kan nínú oòrùn ló ń jìyà jù. Ẹ fi í sáàárín igi mìíràn, níbi tí òjìji díẹ̀ wà.

Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe! Ní Drabo Gbo, nítòsí Abomey-Calavi, onímọ̀ kòkòrò Peter Neuenschwander bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo àjákù igbó ní 1995. Ó kó irúgbìn igi tó fẹ́ parun wá láti igbó mìíràn ní Benin, ó sì gbìn wọ́n síbẹ̀. Ìjọba Benin pẹ̀lú dá sí ọ̀rọ̀ igbó: ní 2012, ó gbé òfin jáde lórí àbójútó igbó orò àti igbó òrìṣà.

Ẹ̀yin àgbà tó ni igbó, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣa èso ìrókò létí igbó.