Kí Ló Wà Nínú Báàgì Oúnjẹ Ọmọ Yín?

[ORIN ÌDÁNIMỌ̀ ÈTÒ: ó dún, ó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn]

ATỌ́KÙN: Bí ìyá bá pọn ọmọ jáde, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà rí rọ̀bọ̀tọ̀, "ẹ kú ìtọ́jú ọmọ" làwọn ará àdúgbò yóò máa kí i. A ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Nínú ìwádìí ìjọba lórí ìlera ní ọdún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. 2 péré ló sanra jù. Ẹlòmíì á ní, "Ṣé ti ọmọ tó sanra jù ló kàn báyìí?"

Ó kàn ní jẹ́lé-ó-sinmi àwọn ìlú ńlá wa.

[AAGO ILÉ-ÌWÉ, ARIWO ÀWỌN ỌMỌDÉ]

ATỌ́KÙN: Àkókò oúnjẹ ti tó. Ẹ bá wa wo inú báàgì kan tí wọ́n ṣí sórí tábìlì: bisikíìtì aládùn, Indomie tó ti lẹ̀ mọ́ra nínú kúlà, jùúsì inú páálí, àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Omi ńkọ́? Kò sí. Bí wọ́n bá jẹun tán, ó di ìdí tẹlifíṣọ̀n, torí mọ́tò ọ̀gá ilé-ìwé ló gba ìwọ̀nba àgbàlá tó wà. Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2019 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin máa sáré, kó máa fò, kó máa ṣeré fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kó má sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ju wákàtí kan lọ.

[ÌRÓ ṢÍBÍ NÍNÚ KỌ́Ọ̀BÙ, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ]

ATỌ́KÙN: Ṣé ẹ kà á? Ṣíbí tíì mẹ́jọ. Bí gíráàmù ṣúgà 10 bá wà nínú mílílítà 100 ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìgò kékeré onísẹ́ńtílítà 35 ti gbé gíráàmù 35. Ta ni nínú yín tó máa bu ṣúgà ṣíbí mẹ́jọ sínú ògì ọmọ ọdún mẹ́rin?

[ÌLÙ: díẹ̀]

ATỌ́KÙN: Ní Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí gbé ètò kan tí ọmọ kò fi ní sanra jù wọ àwọn ilé-ìwé Head Start, èyí tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ ní 1965 fún ọmọ kéékèèké láti ilé tí owó kò sí. Hip-Hop to Health Jr. ni wọ́n pè é. Ọ̀sẹ̀ 14 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: ogún ìṣẹ́jú fún ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, ogún ìṣẹ́jú fún ijó àti eré tó ń mú èèyàn làágùn. Wọ́n ń kọ̀wé sáwọn òbí pẹ̀lú. Èsì jáde ní 2005: níbi tí ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn tó ṣe ètò náà kò sanra sí i tó ti àwọn tí kò ṣe é. Inú wa ìbá dùn kọ́rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n tún gbé e lọ síbi tí ọmọ Látínò pọ̀ sí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá.

Yúróòpù náà gbìyànjú. ToyBox ni tiwọn, ní Bẹ́ljíọ̀mù, Bùlgéríà, Jámánì, Gíríìsì, Pólàǹdì àti Sípéènì. Ọmọláńgidi kangaroo ló ń bá àwọn ọmọ ṣeré; wọ́n gbé omi sínú kíláàsì níbi tọ́wọ́ ọmọ á tó o, àǹtí náà á sì mu níṣojú wọn. Ìwọ̀n ara àwọn ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, omi tí wọ́n ń mu náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, àmọ́ jùúsì inú páálí tí wọ́n ń mu dín kù ju ti àwọn tí kò ṣe ètò náà lọ.

Lójú tèmi, ibi ohun mímu yẹn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Sísanra ọmọ kò sí lọ́wọ́ ilé-ìwé nìkan. Ọbẹ̀ ilé, oorun àti ilé màmá àgbà wà níbẹ̀. Ohun tí ọmọ ń mu ní kíláàsì ló wà lọ́wọ́ àǹtí. Ẹ má sì dúró de ìjọba: owó orí tí wọ́n fi lé ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú òfin 2021 kò ju náírà 10 lórí lítà kan. Lórí ìgò tá a kà ṣúgà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tó náírà mẹ́rin!

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kí ẹnikẹ́ni má torí ètò yìí pe ọmọ ọlọ́mọ ní "òròbó" o. Ọmọ kọ́ ló lọ ra nǹkan tó wà nínú báàgì.

Ẹ̀yin onílé-ìwé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ ń fún òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà: omi nìkan la fẹ́ nínú báàgì, àtọjọ́ ìbí àtọjọ́ lásán. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíì gbé mọ́tò yẹn sí.

[ORIN ÌDÁNIMỌ̀ ÈTÒ]